Orontes Ajẹ́lẹ̀ Arméníà: Ẹnìkan ni, tàbí Ẹni Méjì?

Lẹ́yìn ogun Cunaxa ní ọdún 401 ṣáájú ìbí Jésù, ajẹ́lẹ̀ kan tí ń jẹ́ Orontes kó ọmọ ogun rẹ̀, ó dorí kọ Arméníà, ọmọbìnrin ọba Páṣíà tí ó fi ṣe aya sì wà nínú ìrìn náà. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sí i, àwọn ajẹ́lẹ̀ tó dìtẹ̀ sí ọba kan náà yan Orontes kan ṣe olórí ní etíkun Ègéà. Wọ́n kó owó ọdún kan fún 20,000 jagunjagun lé e lọ́wọ́. Ó mú àwọn tó gbé owó wá, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọba. Òkúta kan ní Áténì tún sọ̀rọ̀ Orontes tí wọ́n sọ di ọmọ ìlú, tí wọ́n sì ń ra ọkà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ka òkúta náà sọ pé ọdún 341 ni wọ́n fín in. (Gbogbo ọdún tí a kò bá ṣe àlàyé mìíràn lé lórí níhìn-ín jẹ́ ti ṣáájú ìbí Jésù.)

Bí ẹnìkan ṣoṣo bá ni gbogbo wọn, ìgbésí ayé rẹ̀ gùn, ó sì lọ́jú pọ̀ bí okùn aláǹtakùn. Bí wọn kò bá jẹ́ ẹnìkan, a ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan lé ẹlòmíràn lórí fún ẹgbẹ̀rún ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti orúkọ lásán. Páṣíà jọba lé Arméníà lórí fún nǹkan bí igba ọdún, títí Alexander fi dé ní 331. Nínú gbogbo ajẹ́lẹ̀ tó jẹ ní ilẹ̀ náà láàárín àkókò yìí, Orontes nìkan ni ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ pọ̀ tó láti pè ní ìtàn ìgbésí ayé. Orí rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ òpìtàn Arméníà gbé ìdílé ọba Yervanduni kà. Nítorí náà, ẹni tó bá fọwọ́ kan Orontes ti fọwọ́ kan ìpìlẹ̀ ilé ńlá.

Àwọn ẹlẹ́rìí àti ibi tí wọ́n dúró sí

Arméníà kò ní álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ títí Mesrop Mashtots fi ṣe é ní nǹkan bí ọdún 405 lẹ́yìn ìbí Jésù. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ ilẹ̀ náà kọ nípa Orontes nígbà ayé rẹ̀. Gíríìkì ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ fún un, òun náà sì sábà jẹ́ ọ̀tá tàbí oníṣòwò.

Xenophon ni ẹlẹ́rìí tó sún mọ́ ọn jù. Ó wà nínú àwọn jagunjagun Gíríìkì tí wọ́n fẹsẹ̀ rin Arméníà já nínú yìnyín ní ìgbà òtútù 401 wọ 400, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀. Diodorus ará Sísílì kọ tirẹ̀ ní ọ̀rúndún kìíní, ó ń kó ìwé àwọn tó ṣáájú rẹ̀ jọ. Plutarch, tó gbé ayé lẹ́yìn ìbí Jésù, kọ ìtàn ayé ọba Artaxerxes Kejì, níbi tí a ti mọ̀ pé Rhodogune ni orúkọ ọmọba tí Orontes fẹ́. Pompeius Trogus kọ ìwé ìtàn ńlá ní èdè Látìnì. Ìwé náà ti sọnù, àkékúrú rẹ̀ ló kù.

Òkúta mẹ́ta tún wà: ti Áténì, ti Págámù, ìlú tí àwọn òǹkàwé Bíbélì mọ̀ nínú ìwé Ìfihàn, àti ti Òkè Nemrut ní Túrkì òde òní, níbi tí Antiochus Kìíní ọba Commagene to ère àwọn baba ńlá rẹ̀ sí ní ọ̀rúndún kìíní. Lẹ́yìn wọn ni owó ẹyọ fàdákà àti bàbà tí wọ́n tẹ orúkọ Orontes sí ní etíkun ìwọ̀ oòrùn.

Ẹni tó bá fi gbogbo ẹ̀rí yìí sórí àwòrán ilẹ̀ yóò rí i pé nígbà tí Orontes bá sún mọ́ òkun tàbí tí ọmọ ogun Gíríìkì bá gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá nìkan ni ẹnikẹ́ni ń rí i. Ilẹ̀ tó ṣe ajẹ́lẹ̀ lé lórí gan-an ni a ti mọ̀ ọ́n kéré jù. Ó tọ́ kí a fi èyí sọ́kàn kí a tó dá ẹnikẹ́ni láre.

Ọmọ ta ni?

Òkúta Págámù pè é ní ọmọ Artasyras, ó sì ní ará Bakitíríà ni ní ti ìran, ìyẹn àgbègbè Afganístàn òde òní. Ilé ẹ̀kọ́ ìrònú àkọ́kọ́ dúró lórí èyí: àjèjì ni Orontes, ìjòyè láti ìlà oòrùn ilẹ̀ ọba, tí a rán lọ sí Arméníà bí a ṣe ń rán ẹnikẹ́ni tí ọba bá fọkàn tán. Àwọn kan fi kún un pé Artasyras yìí ni ẹni tí Plutarch pè ní “Ojú Ọba”, òṣìṣẹ́ tó bá òkú Cyrus Kékeré, àbúrò ọba tó ṣọ̀tẹ̀ sí i, pàdé ní pápá ogun Cunaxa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, bí Orontes ṣe di àna ọba kò ní ṣòro láti yé èèyàn. Àbùkù ibẹ̀ ni pé kò sí ìwé kan tó so Artasyras méjèèjì pọ̀. Ìdọ́gba orúkọ àti àkókò ni wọ́n fi ń so ó.

Ilé ẹ̀kọ́ kejì gbára lé Strabo, akọ̀wé Gíríìkì kan, tó ní ìran Hydarnes ni Orontes tó jọba kẹ́yìn ní Arméníà. Hydarnes wà lára àwọn méje tí wọ́n gbé Darius Kìíní gorí ìtẹ́ ní 522. Ọ̀rọ̀ yìí dùn gbọ́ nítorí pé ilẹ̀ Páṣíà máa ń jẹ́ kí ẹkùn kan dúró nínú ìdílé kan fún ìran púpọ̀. Àmọ́ Orontes ọ̀rúndún kẹta ni Strabo ń sọ, kì í ṣe tiwa. Ìdílé tó bá ti jọba pẹ́ kì í sì í ṣaláìní baba ńlá olókìkí.

Ìkẹta ni ti àwọn tó gbà pé ọmọ ilẹ̀ Arméníà ni, tàbí ó kéré tán pé ìdílé rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Cyril Toumanoff ni akọ̀wé tí a mọ̀ jù nínú àwọn tó to ìran Yervanduni láti ọ̀rúndún kẹfà wá. Àwọn tó ń tẹ̀ lé èrò yìí tọ́ka sí Movses Khorenatsi, òpìtàn Arméníà, tó sọ̀rọ̀ Tigran ọmọ Yervand tó bá Cyrus Ńlá dá májẹ̀mú. Yervand ni bí àwọn ará Arméníà ṣe ń pe Orontes. Agbára èrò náà ni pé ó ṣàlàyé ìdí tí orúkọ yìí kò fi parẹ́ ní ilẹ̀ náà. Àìlera rẹ̀ ni pé ọ̀rúndún púpọ̀ ló wà láàárín Khorenatsi àti ohun tó ń ròyìn. Ọjọ́ orí ìwé rẹ̀ gan-an ṣì jẹ́ àríyànjiyàn.

Àjèjì tó fẹ́ ọmọ onílẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì di onílẹ̀, lè mú àwọn ilé ẹ̀kọ́ méjì nínú mẹ́ta yìí rẹ́. Ó yani lẹ́nu pé àwọn olùjà kì í sábà fẹ́ ìrẹ́pọ̀ yẹn.

Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀

Xenophon pe Arméníà ní ilẹ̀ ńlá tó lọ́rọ̀, tí Orontes ń ṣàkóso. Nígbà tí àwọn Gíríìkì dé odò Centrites, ọmọ ogun Orontes àti ti Artouchas ló dí wọn lọ́nà: àwọn ará Arméníà, àwọn Mardi, àti àwọn Kalidéà tí a fowó yá. Lẹ́yìn odò náà ni abúlé kan tí ààfin ajẹ́lẹ̀ wà. Ọjọ́ díẹ̀ sí i, wọ́n wọ “Arméníà ti ìwọ̀ oòrùn”. Níbẹ̀, Tiribazus ni aláṣẹ, ọ̀rẹ́ ọba tó jẹ́ pé bí ó bá wà nítòsí, òun nìkan ló ń ran ọba lọ́wọ́ gun ẹṣin.

Ṣé Arméníà méjì ló wà nígbà náà, tàbí ọ̀kan tó ní igbákejì? Àwọn tó ní méjì ń tọ́ka sí agbára Tiribazus: ó ní ọmọ ogun tirẹ̀, ó bá àwọn Gíríìkì dá májẹ̀mú láì béèrè lọ́wọ́ Orontes. Nígbà tí wọ́n kọlu àgọ́ rẹ̀, wọ́n bá àga ìrọ̀gbọ̀kú ẹlẹ́sẹ̀ fàdákà, ife ìmutí, àwọn oníbúrẹ́dì àti agbọ́tí níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹrù akọ̀wé kékeré. Àwọn tó ní ọ̀kan ń fèsì pé orúkọ oyè tí Xenophon fún un rẹlẹ̀ sí ti ajẹ́lẹ̀, àti pé Herodotus ka àwọn ará Arméníà sí ẹkùn owó-orí kan ṣoṣo tó ń san tálẹ́ńtì 400. Herodotus ń sọ ti ayé Darius Kìíní, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ṣáájú. Xenophon kì í sì í ṣọ́ra lílo orúkọ oyè. Ọ̀rọ̀ náà dọ́gba sí méjèèjì.

Ohun tí Xenophon rí ní abúlé ni kò ní àríyànjiyàn, òun ló sì sọ iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ fún wa ju orúkọ oyè lọ. Inú ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ilé sí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tóóró bí ti kànga, inú rẹ̀ fẹ̀; àkàsọ̀ ni ènìyàn ń bá wọlé, àwọn ẹran ní ọ̀nà tiwọn. Ewúrẹ́, àgùntàn, màlúù àti adìyẹ ń gbé pẹ̀lú àwọn onílé. Ọtí ọkà báálì wà nínú ìkòkò ńlá, ọkà ń léfòó lójú rẹ̀, wọ́n sì ń fi esùsú tí kò ní oríkèé fà á mu. Ó le bí wọn kò bá bu omi là á, ó sì dùn mọ́ ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n mu. Nínú abúlé kan ṣoṣo, wọ́n bá ọmọ ẹṣin 17 tí wọ́n ń tọ́ láti fi san ìṣákọ́lẹ̀ fún ọba. Strabo ní ajẹ́lẹ̀ Arméníà ń fi ọmọ ẹṣin 20,000 ránṣẹ́ sí ọba lọ́dọọdún fún ọdún òrìṣà Mithra. Bí a bá tilẹ̀ dín iye náà kù, iṣẹ́ tó wà lọ́rùn Orontes ti hàn: kó ẹṣin jọ láti abúlé dé abúlé, ṣọ́ ọ̀nà orí òkè, mú ọmọ ogun jáde nígbà tí ọba bá pè. Ìwé ìtàn ogun ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin ló jọ pé ó gba ọjọ́ rẹ̀ jù.

Ẹjọ́ Kípírù

Ní àwọn ọdún 380, ọba rán Orontes lọ sí Kípírù láti bá Evagoras ọba Salamis jà. Òun ni olórí ọmọ ogun orí ilẹ̀, Tiribazus sì ni ti orí omi. Diodorus gbé e sí 386 àti 385. Ṣùgbọ́n Isocrates, nínú ọ̀rọ̀ tó gbé jáde ní nǹkan bí 380, sọ̀rọ̀ ogun náà bí ohun tó ṣì ń lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ òpìtàn sún un síwájú.

Orontes kọ lẹ́tà sí ọba pé Tiribazus ń ṣàdàkàdekè. Wọ́n mú Tiribazus. Orontes wá parí ogun fúnra rẹ̀, ó gbà kí Evagoras máa san ìṣákọ́lẹ̀ “bí ọba sí ọba”, ohun tí Tiribazus kò gbà fún un, torí òun fẹ́ kí ó jẹ́ “bí ẹrú sí olówó”. Lẹ́yìn náà, adájọ́ mẹ́ta dá Tiribazus láre, ọba sì yọ Orontes kúrò lára àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ojú tí Diodorus fi wò ó ni pé ìlara ló sún Orontes. Èrò kejì ni pé àdéhùn tó ṣe bọ́gbọ́n mu: ọmọ ogun ti rẹ̀, oúnjẹ ń tán, Evagoras sì padà di ẹni tó ń san owó. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tiribazus ni ìwé Diodorus gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kún fún ìyìn Tiribazus, títí kan bó ṣe gba ọba lọ́wọ́ kìnnìún méjì nígbà ọdẹ. Irú ìyìn bẹ́ẹ̀ kò lè wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ṣègbè. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gba Orontes sílẹ̀ pátápátá gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí àwọn adájọ́ mẹ́ta fi fẹnu kò lòdì sí i.

Ọ̀rọ̀ Mísíà

Ibí ni ìdì tó le jù wà. Nígbà tí Diodorus dé orí ọ̀tẹ̀ ọdún 362, “ajẹ́lẹ̀ Mísíà” ló pe Orontes. Mísíà wà ní ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn Túrkì òde òní. Àwọn òǹkàwé Ìṣe àwọn Àpósítélì mọ̀ ọ́n. Ó jìnnà sí Arméníà bí ilẹ̀ ṣe jìnnà sí ilẹ̀. Àkékúrú ìwé Trogus, ní tirẹ̀, pe Orontes tí Artaxerxes ṣẹ́gun ní “olórí Arméníà”, ó tún ní Síríà ni ìjà náà ti wáyé. Àwọn méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́ ní ọ̀rọ̀ kan náà láìsí àlàyé.

Àlàyé kìíní ni pé wọ́n rẹ Orontes sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹjọ́ Kípírù, ọba gba Arméníà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ẹkùn kékeré rọ́pò rẹ̀. Èrò yìí rọrùn gbà. Ó mú ọ̀rọ̀ Diodorus bó ṣe wà, ó bá owó ẹyọ etíkun àti òkúta Págámù mu (àgbègbè kan náà ni wọ́n wà), ó sì fún Orontes ní ìdí láti bínú. Páṣíà máa ń ṣí àwọn ajẹ́lẹ̀ nípò: Tiribazus tó wà ní Arméníà ní 400 ti wà ní Sádísì ní 392. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí ìwé mìíràn tó mẹ́nu kan ajẹ́lẹ̀ Mísíà. Ajẹ́lẹ̀ Fírígíà tó ń gbé ní Daskyleion ló sábà ní àṣẹ níbẹ̀. Ó sì ṣòro láti gbà pé àwọn ajẹ́lẹ̀ ńláńlá yóò kó ara wọn sábẹ́ ẹni tí wọ́n ti lé sí igun.

Àlàyé kejì ni pé Diodorus ló ṣì í. Orontes ṣì jẹ́ ajẹ́lẹ̀ Arméníà, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n yàn án ṣe olórí: òun ni àna ọba, òun ni ilẹ̀ rẹ̀ tóbi. Mísíà jẹ́ ibi tó ti ní ilẹ̀ ìní nìkan, tàbí ibi tí ogun gbé e dé. A mọ̀ pé ọba Páṣíà máa ń fún àwọn ìjòyè ní ilẹ̀ ní àfonífojì Págámù: Xenophon fúnra rẹ̀ kọlu ilé gogoro Asidates, ọlọ́lá Páṣíà kan, nítòsí ibẹ̀. Àlàyé yìí bọ̀wọ̀ fún Trogus. Ṣùgbọ́n owó ẹyọ ń bá a jà. Hyla Troxell, tó kó àwọn owó náà jọ ní 1981 lẹ́yìn ìbí Jésù, fi hàn pé iṣẹ́ ìtẹ̀wó gidi ló wà ní etíkun náà. Onílẹ̀ lásán kì í tẹ owó fún jagunjagun.

Àlàyé kẹta ni pé ẹni méjì ni wọ́n: Orontes Arméníà, àti Orontes Mísíà tó lè jẹ́ ọmọ tàbí ìbátan rẹ̀. Orúkọ náà kò ṣọ̀wọ́n. Nínú ìwé Xenophon kan ṣoṣo, Orontes méjì ló wà: ajẹ́lẹ̀ wa, àti ìbátan ọba kan tí Cyrus Kékeré dájọ́ ikú fún nítorí àdàkàdekè. Ọjọ́ orí tún ń gbè é. Bí àna ọba bá jẹ́ ẹni ọdún 25 ní 401, ó ti lé ní 60 nígbà ọ̀tẹ̀, ó sì ti di ẹni 85 ní 341.

Ohun tó ń dí ọ̀nà èrò yìí ni orúkọ baba. Òkúta Págámù ní Orontes tó ṣọ̀tẹ̀ jẹ́ ọmọ Artasyras. Ní Òkè Nemrut, ọ̀nà jíjìn púpọ̀ sí Págámù, àkọlé baba ńlá ọba Antiochus ní ọmọ Artasyras ni Orontes tó fẹ́ Rhodogune ọmọ Artaxerxes. Ẹni tó bá fẹ́ pín Orontes sí méjì gbọ́dọ̀ pín Artasyras náà sí méjì, tàbí kí ó sọ pé àwọn akọ̀wé Nemrut ṣàdàkọ láti inú ìwé Gíríìkì. Kò sí ẹ̀rí fún ìkejì. Nítorí náà, fún ọ̀rọ̀ tó kan ọdún 401 títí dé 360, ìwọ̀n tẹ̀ sí ẹnìkan ṣoṣo. Lẹ́yìn 360, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Ọ̀tẹ̀ ńlá, tàbí ìjà àdúgbò?

Bí Diodorus ṣe sọ ọ́, gbogbo etíkun ló dìde: Ariobarzanes ti Fírígíà, Mausolus ti Káríà, Autophradates ti Lídíà, Orontes, Datames ti Kapadókíà, pẹ̀lú Tachos ọba Íjíbítì lẹ́yìn wọn. Ìdajì owó tó ń wọlé fún ọba dúró. Wọ́n yan Orontes ṣe olórí, wọ́n kó owó fún un. Bí ó ti ń retí ẹ̀bùn ńlá àti àṣẹ lórí gbogbo etíkun, ó ta wọ́n, ó fa ọ̀pọ̀ ìlú àti àwọn ọ̀gá jagunjagun lé ọba lọ́wọ́. Rheomithres, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà, ṣe bíi tirẹ̀: ó gba tálẹ́ńtì 500 àti ọkọ̀ ogun 50 ní Íjíbítì, ó padà dé, ó mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rú.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn òpìtàn gba èyí bí ó ti wà; òun ni wọ́n ń tọ́ka sí bí àmì pé Páṣíà ń jó rẹ̀yìn. Ní 1989 lẹ́yìn ìbí Jésù, Michael Weiskopf gbé ìwé jáde tó fi gbogbo rẹ̀ pe ẹjọ́. Ohun tó sọ ni pé kò sí ọ̀tẹ̀ ńlá kankan: ìjà oríṣiríṣi láàárín àwọn ajẹ́lẹ̀ ni, Diodorus ló dì wọ́n sínú ọdún kan. Pierre Briant, nínú ìwé rẹ̀ tó gbòòrò lórí ilẹ̀ ọba Páṣíà, náà fura sí ìtàn ọ̀tẹ̀ àpapọ̀. Ẹ̀rí wọn ní iwọ. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú 362, Autophradates àti Mausolus ló ń gbógun ti Ariobarzanes lórúkọ ọba. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀, Mausolus dúró lórí oyè rẹ̀ títí ó fi kú ní 353. Ọba wo ni yóò fi irú ọlọ̀tẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?

Robert Moysey dá wọn lóhùn. Ó ní kì í ṣe gbogbo ohun tí Diodorus sọ ló yẹ ká gbé sọnù. Òkúta kan tí wọ́n rí ní Argos ló lágbára jù nínú ẹ̀rí apá yìí: èsì àwọn Gíríìkì sí ońṣẹ́ tó wá láti ọ̀dọ̀ “àwọn ajẹ́lẹ̀”, tí wọ́n ní àwọn kò ní bá ọba jà bí kò bá kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó bá rán ońṣẹ́ kan ṣoṣo lórúkọ púpọ̀ ní àjọṣe kan, bó ti wù kó kéré tó.

Fún Orontes, ìyàtọ̀ méjèèjì tóbi. Bí ọ̀tẹ̀ ńlá bá wà, alágàbàgebè ni, ó ta àwọn tó fọkàn tán an. Bí ìjà àdúgbò bá ni, ó lè jẹ́ pé ọba ni ó ń ṣiṣẹ́ fún látìbẹ̀rẹ̀, tó ń fi ipò tó ní kó owó àwọn ọlọ̀tẹ̀ jọ. Ìkejì yìí dán mọ́rán, ó sì ń wu ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ òkúta Págámù ní tààrà pé ó ṣọ̀tẹ̀ sí Artaxerxes. Ẹni tó fín òkúta yẹn kò ní ìdí láti bà á lórúkọ jẹ́, torí òun ni wọ́n kà sí ẹni tó kó ìlú Págámù padà sórí òkè. Ní tèmi o, àjọṣe tó túká kíákíá ló jọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ọ̀tẹ̀ tó gba gbogbo ilẹ̀ ọba kan.

Àwọn ọdún ìkẹyìn

Òkúta Págámù kan náà ní Orontes fi ìlú náà lé Artaxerxes lọ́wọ́, ó sì kú. Artaxerxes wo? Kejì kú ní nǹkan bí 359, Kẹta jọba títí di 338. Òkúta kò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní 354, Demosthenes dá orúkọ Orontes pọ̀ mọ́ Íjíbítì nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní Áténì, bí àwọn tí ọba ń bá jà. Àwọn kan ka èyí sí ẹ̀rí pé ó tún ṣọ̀tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn mìíràn ní àpẹẹrẹ àtijọ́ ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ń lò.

Òkúta Áténì ló da ọ̀rọ̀ rú jù. Ó fún Orontes ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, ó sì sọ̀rọ̀ ríra ọkà fún ọmọ ogun tí Chares, Charidemus àti Phocion ń darí. Ibi tí orúkọ olórí ọdún náà wà ti bàjẹ́. Bí a bá fi orúkọ kan dí i, ó di 349. Bí a bá fi òmíràn dí i, ó di 341. Àwọn kan fà á padà sí àyíká 361. Àwọn tó fara mọ́ ẹnìkan ṣoṣo nílò ọdún tó pẹ́ sẹ́yìn. Àwọn tó fara mọ́ ẹni méjì kò bìkítà. Ó yẹ ká kíyè sí i pé èrò tí olúkúlùkù ti ní nípa Orontes ló sábà máa ń yan ọdún òkúta fún un, dípò kí òkúta yan èrò.

Baba ńlá ìdílé ọba?

Ní Gaugamela ní 331, Orontes kan àti Mithraustes ló darí àwọn ará Arméníà fún Darius Kẹta. Ní 317, Orontes kan tún jẹ́ ajẹ́lẹ̀ Arméníà. Ilé ẹ̀kọ́ kan rí ẹ̀wọ̀n ìdílé tó so pọ̀ níhìn-ín: baba, ọmọ, ọmọ ọmọ, títí di àwọn ọba ọ̀rúndún kẹta. Ìfarahàn orúkọ náà léraléra ní ilẹ̀ kan ni okun rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ kejì rántí pé Darius Kẹta gan-an ti ṣe ajẹ́lẹ̀ Arméníà kí ó tó jọba ní 336, àti pé Alexander fi Mithrenes jẹ níbẹ̀ ní 331. Ẹ̀wọ̀n náà já ní ibi méjì, ó kéré tán. Wọ́n tún ní ọba Commagene nílò Rhodogune ju bó ṣe nílò Orontes lọ: nípasẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ìdílé rẹ̀ fi lè dé ọ̀dọ̀ Darius Kìíní. Ìyẹn kò sọ pé irọ́ ni òkúta Nemrut ń pa. Ó sọ pé ẹni tó kọ ọ́ ní èrè níbẹ̀.

Ohun tó ṣì wà nílẹ̀

Nǹkan mẹ́ta ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kò tíì parí: ọdún òkúta Áténì, Artaxerxes tí òkúta Págámù ń sọ, àti ibi tí Diodorus ti rí ọ̀rọ̀ Mísíà. Bí èkíní bá yanjú sí 361, ẹnìkan ṣoṣo ti borí. Bí ó bá yanjú sí 341, ó ṣòro kí àwọn tó fara mọ́ ọn tó dìde lẹ́ẹ̀kan sí i.

Arméníà fúnra rẹ̀ kò tíì fọhùn. Wàláà amọ̀ tí wọ́n rí ní Persepolis parí ní nǹkan bí 457, kí a tó bí Orontes. Ní Erebuni àti Armavir, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí gbọ̀ngàn olópòó àti àfọ́kù wàláà láti ìgbà Páṣíà, àmọ́ orúkọ Orontes kò sí nínú wọn. Ní 2012 lẹ́yìn ìbí Jésù, Joseph Naveh àti Shaul Shaked gbé àwọn lẹ́tà tí wọ́n kọ sórí awọ jáde láti Bakitíríà, tí wọ́n kọ ní èdè Áráméèkì láàárín 353 sí 324: àṣẹ ajẹ́lẹ̀ kan sí gómìnà abẹ́ rẹ̀ lórí ògiri ìlú, ràkúnmí àti owó-orí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ajẹ́lẹ̀ Arméníà náà yóò ti máa kọ lójoojúmọ́ nípa ẹṣin àti ọkà. Títí a ó fi rí i, ẹnu Gíríìkì ni gbogbo àwọn ilé ẹ̀kọ́ yìí ń bá jà, àti lórí bóyá Bakitíríà tàbí Arméníà ni ilé rẹ̀, kò sí ẹ̀rí tuntun kan tó ti fi ìkan borí èkejì.